Òkìtì Ààyò àti Òkìtì Ọmọ Òrukàn

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó so táì mọ́rùn, tó sì dúró sáàárín ìgbẹ́ màlúù lọ́sàn-án gangan, ohun tí ẹ ń fura sí nípa rẹ̀ náà ni: ó fẹ́ràn ara rẹ̀ gidigidi. Ẹ tún ń fura pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tẹ́. Ìyẹn náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ ni ọ̀nà tó gbà tẹ́, nítorí títẹ́ pé oríṣiríṣi. Ẹlòmíì á tẹ́ torí pé kò mọṣẹ́, ẹlòmíì á tẹ́ torí pé ọ̀lẹ ni. Ọkùnrin tiwa yìí mọṣẹ́, kì í ṣọ̀lẹ, kò sì ṣèrú rí. Gbogbo nǹkan ló ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe é. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kòkòrò àìfojúrí ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jókòó sórí abẹ́rẹ́ kan, kí ẹnì kankan má sì sọ fún ẹnìkejì pé sún díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sin ìran kan ṣoṣo nínú wọn ní yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, ìran tó ń jẹ ẹ̀tù inú àdó olóró bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. "Àwọn ọmọ mi" ló ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ tó bí gan-an, obìnrin méjì tí wọ́n ti wà nílé ọkọ, kò lè rántí ọjọ́ ìbí wọn láìjẹ́ pé ó bi ìyá wọn léèrè. Ti kòkòrò, ó mọ̀ ọ́n dé orí wákàtí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹlẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì. Wọ́n ti fi orúkọ ọ̀kan sọ gbọ̀ngàn ìkàwé. Wọ́n fi ti èkejì sọ afárá. Afárá kékeré ni o, ewúrẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbà á kọjá, àmọ́ afárá ni. Òun nìkan ló kù tí wọn ò tíì fi orúkọ rẹ̀ sọ ohunkóhun, kódà kó jẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbàkígbà tó bá ń wakọ̀ gba orí afárá yẹn, ọ̀kánkán ló máa ń wò, bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Lẹ́yìn ìlú rẹ̀, pápá kan wà tí àwọn ológun lò nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àdó olóró tó ti gbó. Wọ́n á fi omi gbígbóná yọ ẹ̀tù inú rẹ̀, wọ́n á kó irin lọ, wọ́n á sì jẹ́ kí omi náà máa ṣàn lọ síbi tó bá wù ú. Nígbà tó yá, àwọn ológun kó ẹrù wọn, wọ́n ṣa gbogbo irin ibẹ̀ tán, wọ́n lọ. Ẹ̀tù tó bá omi wọlẹ̀ kò lọ ní tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, adágún inú pápá náà á pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ pupa tuntun. Koríko ò hù níbẹ̀. Wọ́n fi wáyà yí i ká, àwọn ọmọdé ìlú wá ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, níbi tí àwọn onímọ́tò ti ń fi hóònù bú wọn ní bàbá ní ìyá.

Ìgbìmọ̀ ìlú wá pinnu pé pápá náà yóò di ibi ìṣeré. Alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, dìde nípàdé, ó ní, "Ẹnikẹ́ni tàbí ohunkóhun tó bá fọ ilẹ̀ yìí mọ́ fún wa, orúkọ rẹ̀ la máa kọ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà, títí ayé."

"Títí ayé" yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan míì mọ́ nípàdé ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń kọ pátákó.

"Orúkọ yín gùn, sà," ni onípátákó wí.

"Kí pátákó náà gùn tẹ̀lé e."

"Kò burú. Ṣé kí n fi 'olóògbé' síwájú ẹ̀?"

"Ta ló kú?"

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn tí wọ́n máa ń ní kí n kọ irú ẹ̀ fún, wọ́n sábà máa ń ti lọ ni."

Báyìí ni pátákó ṣe wà nílẹ̀ kí erùpẹ̀ kankan tó kúrò lójú kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi aṣọ dúdú bò ó, ó gbé e tì sára ògiri yàrá àlejò nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, máa ń gbá ilẹ̀ yí i ká láìbèèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ kékeré mọ̀ pé àṣírí tí wọ́n bá fi aṣọ bò, tó gùn tó ilẹ̀kùn, ẹni tó ni ín ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Iná yàrá àyẹ̀wò ń ṣe ségesège lásìkò yẹn, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá kó ìgò àwọn ọmọ rẹ̀ wá sílé, ó tò wọ́n sínú fíríìjì láàárín tòmátì àti bọ́tà. Láràárọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, á bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ ké láti inú yàrá, "ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mò ń kí àwọn ọmọ ni."

"Ẹ bá mi kí wọn. Bẹ́ ẹ bá sì ráyè, ẹ kí èmi náà, mo ti jí látàárọ̀."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà fẹ́ mú tòmátì, ó sì gbé ìgò kan jáde, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tó ń jó. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe wọlé tó rí i, igbe tó ké mú kí aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé.

"Ṣé o fẹ́ se ọmọ mi jinná ni? Ooru! Ooru tó bá ti fi díẹ̀ ju ti ara èèyàn lọ, ó tán fún wọn nìyẹn! Kò sí èyí tó máa ṣẹ́kù!"

Ìyàwó rẹ̀ wo ìgò, ó wo ọkọ. "Wọ́n ń jẹ bọ́ǹbù, àmọ́ wọn ò lè dúró ti ìkòkò ọbẹ̀?"

"Ẹlẹgẹ́ ni wọ́n."

"Àkẹ́bàjẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀yin lẹ kẹ́ wọn bà jẹ́."

Ó dá ìgò náà padà sínú fíríìjì, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n bá jágbe mọ́ nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò níkùn un rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á hú erùpẹ̀ tí ẹ̀tù ti bà jẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, koríko gbígbẹ àti èérún pákó, wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á sì mọ ọ́n gbọọrọ bí ebè, ebè tó ga ju èèyàn lọ. Katakata á máa wá yí i po lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn lè wọnú rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á máa jẹ, á máa bí, á sì máa gbóná.

Òkìtì méjì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n mọ. Bí a bá fún ọmọ kan ní oògùn ikọ́, tí ikọ́ náà sì lọ, báwo la ṣe mọ̀ pé oògùn ló lé e, pé kì í ṣe pé ikọ́ náà ti ń palẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀? Èkejì ọmọ náà, tó wúkọ́ tí kò mu oògùn, la máa wò. Nítorí náà, òkìtì kìíní yóò gba àwọn ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òkìtì kejì yóò gba gbogbo nǹkan tí èkíní gbà, àyàfi àwọn ọmọ.

Ẹni tó ń wa katakata ni Ṣọ́jà. Ó ti ṣọ́ pápá náà nígbà tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ológun, ó fẹ̀yìn tì, kò sì rí ibòmíì lọ. Òun ló sọ àwọn òkìtì náà lórúkọ. Ó pe èkíní ní Ààyò, ó pe èkejì ní Ọmọ Òrukàn. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó rántí nọ́ńbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fún wọn.

Ẹni tó ń yẹ erùpẹ̀ wò ni Dókítà. Kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ló fi gba oyè náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Obìnrin náà fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún un, kì í sì í fi í rẹ́rìn-ín àyàfi tó bá kẹ́yìn sí i.

"Ọ̀gá," ni Dókítà wí nígbà tí ọkọ̀ ń da ìgbẹ́ màlúù sílẹ̀, "ṣé bí ìgbẹ́ ṣe pọ̀ tó yìí náà la máa fún Ọmọ Òrukàn? Ẹ mọ̀ pé ìgbẹ́ kò ṣófo. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ jaburata."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín àánú. "Kòkòrò àìkàwé! Ìyá wọn jẹ koríko, bàbá wọn jẹ koríko. Àwọn ọmọ tèmi, yunifásítì ni wọ́n dàgbà sí. Fún un! Fún un kó tó, kó ṣẹ́kù. Mo fẹ́ kó yó kó tó ṣubú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ebi la fi pa á."

Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo erùpẹ̀ náà jọ sójú kan, kí wọ́n pò ó títí yóò fi dọ́gba, kí wọ́n tó là á sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ibì kan burú ju ti ibì kejì. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sáàárín òkìtì méjèèjì, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá nípọn sábẹ́ wọn. Ó pe Ṣọ́jà.

"Tó o bá fẹ́ yí wọn, Ọmọ Òrukàn lo máa kọ́kọ́ yí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Ààyò. Tó o bá yí Ààyò tán, o máa fọ katakata yẹn pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, títí dé abẹ́ ìka táyà. Ọmọ mi kan kò gbọ́dọ̀ lọ sùn nílé onílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Ṣọ́jà wí, ó sì kí i bí ológun. "Èmi náà tọ́ ọmọbìnrin."

Alága wá wo iṣẹ́ náà, ó fi ìbòjú bo imú nítorí òórùn. Ó tọ́ka sí Ọmọ Òrukàn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí èyí tí ẹ ò da nǹkan kan sí yìí bá wá mọ́ ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. "Alága, tí èyí bá mọ́, ẹ fi orúkọ ìgbẹ́ màlúù sọ pápá yín."

Alága rẹ́rìn-ín títí ìbòjú fi já bọ́ nímú rẹ̀. "Mo ti gbọ́ o! Ṣọ́jà, ṣé o gbọ́? Dókítà, ṣé ẹ gbọ́?"

Gbogbo wọn ló gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín, òun ló rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ tí wọ́n da àwọn ọmọ sínú Ààyò, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó sọ gbólóhùn kan fún un, ó sì dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìgò tó kẹ́yìn ṣófo, ó yọ ìnujú, ó nu ojú. Ṣọ́jà ṣí fìlà. Kò dá a lójú bóyá ayẹyẹ ni àbí ìsìnkú, àmọ́ ó mọ̀ pé ṣíṣí fìlà bá méjèèjì mu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ààyò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín funfun láàárọ̀, bí ìkòkò tí wọ́n ṣí lórí iná. Ṣọ́jà, tí àwàdà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, wé ẹyin kan sínú ọ̀rá, ó fi ọ̀pá tì í dé àárín òkìtì náà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yọ ọ́ lọ́sàn-án, ó là á sí méjì níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹyin náà ti jinná kanlẹ̀, funfun rẹ̀ le, pupa rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹyin olóró?" ló ń kígbe, gbogbo èèyàn sì ń sá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sá. Ó gba ẹyin náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Ẹ wo agbára! Ẹ wo ìtara! Òógùn iṣẹ́ àwọn ọmọ mi ló sè é jinná!"

Dókítà wo ẹyin, ó wo òkìtì. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. "Ọ̀gá, ooru yìí..."

"Ooru ìfẹ́ ni, Dókítà! Ìfẹ́ iṣẹ́!"

"Ọmọ Òrukàn náà gbóná bẹ́ẹ̀, sà," ni Ṣọ́jà wí.

"Ibà ló ń ṣe ìyẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ẹyin náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó fi àbọ̀ méjèèjì sínú ìgò kan pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan rà, ó sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ pé: *Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Mi*. Orí tábìlì tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà ló gbé e sí. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò kí ẹyin náà.

Ó wá ku àyẹ̀wò. Dókítà á bu erùpẹ̀ sínú gíláàsì, á da omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná lé e, á mì í, á jẹ́ kó tòrò, á sì kán oògùn kan sí i. Bí ẹ̀tù bá wà níbẹ̀, omi náà á pọ́n yòò bí ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí, á dúró bó ṣe wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi Ààyò pọ́n débi pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń dúńbú nǹkan nínú gíláàsì. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń ṣá. Ó di bí ètè, ó di bí àtẹ́lẹwọ́, ó wá di omi lásán.

"Ká yẹ ti Ọmọ Òrukàn náà wò, Ọ̀gá," ni Dókítà ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Rárá o. Ọjọ́ àjọyọ̀. Lójú gbogbo ayé. Ti Ààyò á mọ́ gaara, ti Ọmọ Òrukàn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọdé á pariwo, àwọn ìyá á fà wọ́n mọ́ra. Bí a bá ti mọ ìdáhùn kó tó dọjọ́ yẹn, adùn rẹ̀ ti lọ."

"Tí kò bá wá pọ́n ńkọ́, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó bí bàbá ṣe ń wo ọmọ tó bi í bóyá oòrùn máa yọ lọ́la. Dókítà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ìwádìí míì tó ti ń ṣe ní tirẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wá àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ kiri nínú erùpẹ̀ Ààyò. Ohun tó rí, tàbí ohun tí kò rí, ó gbìyànjú láti sọ ọ́. Ìgbàkígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pé "Ọ̀gá, àwọn ọmọ yín", inú ọ̀gá á ti dùn jù láti gbọ́ ìyókù.

Ọjọ́ àjọyọ̀ pé. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga oníke. Wọ́n ti ri òpó méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá, wọ́n sì kan pátákó mọ́ wọn, aṣọ dúdú ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé kún ẹ̀gbẹ́ wáyà, bọ́ọ̀lù wọn wà lábẹ́ apá ẹni tó ga jù, wọ́n ń dúró de ìgbà tí àgbàlagbà máa sọ̀rọ̀ tán. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn gba sùúrù.

Kóòtù tuntun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀. Ó gbé tábìlì sí iwájú, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó to gíláàsì méjì sórí rẹ̀, ó sì gbé ìgò ẹyin náà sáàárín wọn kí gbogbo ojú lè rí i. Ó sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ nípa ìgbà tí òye kọ́kọ́ yé e. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, tún gèlè rẹ̀ so lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ibi tí wọ́n ti gba ọkọ rẹ̀ sí yunifásítì.

Níkẹyìn, Dókítà kán oògùn sínú gíláàsì Ààyò. Gbogbo èèyàn na ọrùn. Omi náà dúró gaara. Àtẹ́wọ́ sọ, àwọn ọmọdé hó.

"Ó ku èkejì!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ké. "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bà lẹ́rù, kó dijú o!"

Dókítà kán oògùn sí ti Ọmọ Òrukàn. Àwọn ìyá di ọmọ wọn mú. Ẹnì kan dijú lóòótọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Ọmọdé kan bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé ó ti pọ́n ni?" Ìyá rẹ̀ ní, "Gbẹ́nu dákẹ́, ó máa pọ́n."

Omi náà kò pọ́n.

"Oògùn yẹn ti bàjẹ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. "Kò sí ìyọnu. Ẹ dán an wò lára erùpẹ̀ àtijọ́."

Dókítà bu erùpẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó da omi lé e, ó mì í, ó kán oògùn kan náà sí i. Gíláàsì kẹta pọ́n yòò. Àwọn ọmọdé pariwo, àwọn ìyá fà wọ́n mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ gan-an, àfi pé gíláàsì mìíràn ni.

"Áà! Mo ti mọ̀ ọ́n!" Ó nàka sí Ṣọ́jà. "Àwọn ọmọ mi ló kọjá síbẹ̀! Katakata ló gbé wọn!"

"Láéláé, sà!" Ṣọ́jà dìde dúró ṣánṣán. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́kọ́ yí Ọmọ Òrukàn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ katakata. Ọwọ́ mi ti bó tán nítorí ọṣẹ. Ọmọ yín kankan ò sùn síta lójú mi."

"Ó lè jẹ́ pé erùpẹ̀ tibẹ̀ kò dọ̀tí tó ti..."

"Ẹ̀yin lẹ pò ó pọ̀ kí a tó là á, Ọ̀gá," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́.

Alága ti ń rẹ́rìn-ín tipẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ fún mi ni pé àwọn òkìtì méjèèjì ló mọ́?"

"Méjèèjì, mà," ni Dókítà dáhùn. "Ilẹ̀ náà mọ́."

Ariwo ayọ̀ tó sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú jù ú sókè, ó tún mú un. Onípátákó, tó wá jẹ́rìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tẹ̀ síwájú, ó rọra bi Alága bóyá 'ìgbẹ́ màlúù' gba orí pátákó kan náà, nítorí kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ. Ó nu iwájú orí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ fetí sílẹ̀! Ó dáa. Èèyàn kì í bá òtítọ́ jà. Ká sọ pé ìgbẹ́ màlúù fọ Ọmọ Òrukàn. Mo gbà. Àmọ́ Ààyò ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ló fọ Ààyò! Ìdajì-ìdajì ni, Alága. Orúkọ tèmi níwájú, ti màlúù lẹ́yìn. Dókítà, ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. Sọ fún wọn. Ta ló fọ Ààyò?"

Dókítà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì."

"Níbí! Lójú gbogbo ayé! Kí lo rí nínú Ààyò?"

Dókítà gbójú sókè. Ó wo tábìlì. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ojú rẹ̀ lọ dé ibi tó ń wò. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ìgò ẹyin, bí ẹni tó ń rántí ilé ìdáná kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Bàbá wọn," ló wí nígbà tó rí ohùn lò, "ọjọ́ tí mo gbé ìgò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu láti sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ahọ́n rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìgò ẹyin.

Lórí aṣọ funfun, láàárín gíláàsì méjì tí kò pọ́n, nínú ìgò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí lára, ni ẹyin tí Ààyò sè ní ọ̀sẹ̀ kejì wà. Ó jinná kanlẹ̀.